Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rọ?

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ lítírésọ̀ wa tí kò tíì parí. Apá kan ní Yorùbá kò ní ìtàn-àròsọ sáyẹ́nsì rárá, nítorí pé ẹni tí kò ṣe ẹ̀rọ kò lè fi ẹ̀rọ lá àlá. Apá kejì ní irọ́ ni, pé D. O. Fágúnwà ti kọ ọ́ tipẹ́tipẹ́, láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó kánjú. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí à ń wí, kí a sì mọ èyí tí ó tọ́ kí ènìyàn fi àkókò rẹ̀ kà nínú wọn, kí a tó bèèrè ibi tí tiwa wà.

Ìtàn-àròsọ sáyẹ́nsì ni ìtàn tí òǹkọ̀wé ti mú ohun kan tí kò tíì sí, tí ó gbé e sí àárín ayé tí a mọ̀, tí ó sì gbà láti ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ń la ọjọ́ iwájú kọjá, ó lè jẹ́ àrùn, ó lè jẹ́ àlejò láti ojú ọ̀run. Àlàyé yẹn ni májẹ̀mú tí ó wà láàrin òǹkọ̀wé àti òǹkàwé. Ṣùgbọ́n àlàyé nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó kún fún ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn oníná, tí a kà tán tí a kò rí nǹkan kan mú dání. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò: ta ni ó ni ẹ̀rọ, ta sì ni ẹ̀rọ ń jẹ? Ìwé tí ó bá bi ìbéèrè náà tọkàntọkàn yẹ ní kíkà, ì báà ti pé igba ọdún. Èyí tí kò bá bi í, eré ọmọdé ni.

Bí ibì kan bá wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, Ṣómólú àti Bàrígà ni. Ṣómólú ni ibùdó àwọn òǹtẹ̀wé. Ní òpópónà Ṣípèólú àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, ilé ìtẹ̀wé fara kan ilé ìtẹ̀wé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ, páálí ọjà àti ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú. Ẹ̀rọ Heidelberg tí àwọn ará Jámánì ti lò ni wọ́n ń rà ní tòkunbọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò dé yunifásítì ń tú palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò padà. Òǹtẹ̀wé Ṣómólú mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ kì í ṣe àǹjọ̀nú, ó mọ̀ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti ẹni tí ń yí i kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìka ọwọ́ tí ó bá ṣèèṣì kó sáàárín rólà. Bàrígà ni ó múlé tì í. Níbẹ̀ ni CMS Grammar School wà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859; Akọ́kà tí Yunifásítì Èkó wà kò jìnnà síbẹ̀; àwọn apẹja Ìlàjẹ sì tẹ̀dó sí etí ọ̀sà. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, ń gba orí omi kọjá níwájú wọn. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wo ìwé wọ̀nyí yóò rí ohun tí àwọn tí ó kọ wọ́n ní London kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Fágúnwà. Nínú ìwé rẹ̀, àrà kì í bèèrè àlàyé. Bí ọdẹ bá lo egbé tàbí àféèrí, kò sí òǹkàwé tí yóò bi í bí ó ṣe ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ó ní àṣẹ, àṣẹ sì ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ayé wá. Ohun tí Fágúnwà ń wádìí ni ìwà: kí ni ó yẹ kí ọmọ ènìyàn ṣe nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé? Ìbéèrè ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀rọ. Bí a bá pe ìwé rẹ̀ ní ìtàn sáyẹ́nsì, adé ọba ni a ṣí tí a fi fìlà àyálò rọ́pò rẹ̀.

Amos Tutùọlá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, a bí i ní 1920, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ irin sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954, iwin obìnrin kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí ó sọnù sínú igbó rí ìyá rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ náà. Ẹ rántí pé 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún ni Tutùọlá fi ṣáájú. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé obìnrin náà ní egbò lára, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà máa fi ahọ́n tọ́jú egbò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú àwòrán yẹn gan-an ni ọmọ náà ti rí ewé tí ìyá rẹ̀ fi ń wo egbò, ó lò ó, ó sì gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Tutùọlá kò ṣàlàyé bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe di tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà n kò ní pe ìwé rẹ̀ ní ìtàn sáyẹ́nsì. Síbẹ̀ ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó ni àwòrán ń wá òṣìṣẹ́, àti pé òṣìṣẹ́ tí ó bá la ojú sílẹ̀ lè fi àwòrán náà kọ́ ọgbọ́n.

Láti ibẹ̀ ni a lè kọjá sí àwọn ìwé tí orúkọ náà jẹ́ tiwọn. Àkọ́kọ́ ni Frankenstein, tí Mary Shelley gbé jáde ní 1818 nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Victor Frankenstein, kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó sì fi ẹ̀mí sí i. Bí ẹ̀dá náà ti la ojú, ẹni tí ó dá a bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò fún un ní oúnjẹ, kò fún un ní aṣọ, kò sì sọ ọ́ lórúkọ títí ìwé fi parí. Àwọn òǹkàwé òyìnbó sábà máa ń wí pé ẹ̀ṣẹ̀ Victor ni pé ó fẹ́ dà bí Ọlọ́run. Ẹni tí ó dàgbà sí agbo ilé Yorùbá mọ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ kẹjọ pé, kò sí ẹni tí ó tọ́ oyin àti iyọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ fi etí sí ara ògiri ilé àwọn tálákà kan, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, títí ó fi mọ èdè tí ó sì mọ ìwé kà. Kò tíì pànìyàn nígbà náà. Ìwé náà ní àléébù: lẹ́tà wà nínú lẹ́tà, ìkérora Victor sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò tíì gbó: ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀rọ tí kò tọ́ ọ, ilé ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò padà wá.

Ẹnì kejì ni H. G. Wells, ìwé rẹ̀ méjì sì ni n kò lè fò. The Time Machine jáde ní 1895. Arìnrìn-àjò kan gun ẹ̀rọ lọ sí ọdún 802701, ó sì rí i pé ọmọ aráyé ti pín sí ẹ̀yà méjì. Àwọn Eloi wà lókè, wọ́n rẹwà, èso ni wọ́n ń jẹ, wọn kò mọ iṣẹ́ kankan. Àwọn Morlock wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ nínú òkùnkùn, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ó ń mú ayé àwọn ti òkè rọrùn. Wells fi yé wa pé ọmọ olówó àti ọmọ lébìrà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ti ìsàlẹ̀ a gòkè wá, wọn a pa àwọn ti òkè jẹ.

Ẹ jókòó sí etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà kí ẹ ka ìwé yìí, kí ẹ sì máa wo afárá. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lọ sí Erékùṣù Èkó láàárọ̀, wọ́n ń sáré bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú wọn kò sì wo ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni ẹ óò rí ibi tí Wells ti kùnà. Arìnrìn-àjò rẹ̀ fẹ́ràn àwọn Eloi nítorí ẹwà wọn, ó kórìíra àwọn Morlock nítorí pé ojú wọn kò wù ú, inú rẹ̀ sì ń dùn láti fi ọ̀pá irin lù wọ́n. Kò bá Morlock kan sọ̀rọ̀ rí. Bí ẹnì kan ní Ìlàjẹ bá kọ ìtàn yẹn, ibòmíràn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ńlá ni síbẹ̀, nítorí pé ó fún wa ní ohun èlò tí a lè fi bá a jiyàn.

The War of the Worlds, tí mo lè pè ní Ogun Àwọn Ayé, jáde ní 1898. Àwọn ará ayé Mars sọ̀kalẹ̀ sí pápá kan nítòsí Woking ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní iná tí ń jó ènìyàn láti òkèèrè, wọ́n ní èéfín dúdú tí ń pani, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gùn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń fà sínú iṣan ara wọn. Ìlú London tú. Ní orí kìn-ín-ní gan-an ni Wells ti sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má bú àwọn ará Mars, nítorí pé ohun tí àwọn náà ṣe fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania nìyẹn. Ọ̀rọ̀ akin ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ará Tasmania kàn jọ ènìyàn ni, ó sì ní wọ́n ti run tán, bẹ́ẹ̀ àtìrandíran wọn wà láàyè títí di òní.

Àwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìwé yìí fún wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó lórí ọ̀rọ̀ Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọdún mẹ́fà kí ìwé Wells tó jáde, ìbọn Maxim dojú kọ àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Ọmọ ogun Ìjẹ̀bú tí ó rí ìbọn tí ń yìn ara rẹ̀ láìdúró ti rí ará Mars. Òǹkàwé òyìnbó ní láti ro ó. Ní tiwa, ìrántí ni.

Ìparí ìwé náà ni ó kan wa jù. Ìbọn kò pa àwọn ará Mars. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ni ó pa wọ́n, nítorí pé ara wọn kò mọ àrùn ayé wa. Àwọn kan ní ìparí yìí rọrùn jù. N kò gbà. Ohun tí ibà ṣe fún òyìnbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ní 1841, ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó wọ odò Ọya tó bẹ́ẹ̀ tí ìrìn àjò náà fi dàrú. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad tún gòkè odò náà. Dókítà William Baikie fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oògùn kuníìnì, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú wọn. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Ọkọ ọmọ rẹ̀, T. B. Macaulay, ni ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Grammar School tí ó wà ní Bàrígà lónìí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi èyí sọ́kàn: Wells kọ ìtàn àwọn ajagunṣẹ́gun tí kò ní kuníìnì. Àwọn tiwa ní in, wọ́n sì jókòó ti ilẹ̀ wa títí di 1960.

Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2006, mú ìbéèrè náà wọ inú ara ènìyàn. Wild Seed jáde ní 1980. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò ní 1690, lọ́dọ̀ Anyanwu, obìnrin tí ó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé, tí ó lè yí ara rẹ̀ padà di ẹkùn tàbí ẹyẹ. Doro bá a níbẹ̀: ẹ̀mí kan tí ó ti tó ẹgbàajì ọdún, tí ń bọ́ ara kan sílẹ̀ tí ó sì ń gbé òmíràn wọ̀, ẹni tí ó bá sì gbé ara rẹ̀ wọ̀ kú nìyẹn. Doro ń ṣa àwọn ènìyàn tí ó ní ẹ̀bùn jọ, ó ń mú wọn bí ọmọ fún ara wọn, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn. Ẹni tí ó yára yóò pe èyí ní ìtàn àjẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Anyanwu máa ń wádìí ara rẹ̀ láti inú, ó ń tọ́ ẹran ara wò kí ó lè mọ bí a ṣe kọ́ ọ, ó sì ń pèsè oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó fún aláìsàn. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Nígbà tí Doro kó o wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, a mọ irú ọkọ̀ tí ń gba ojú òkun yẹn kọjá ní àkókò náà. Ara ènìyàn ni ẹ̀rọ nínú ìwé yìí, ìjà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì sì dá lórí ẹni tí ó ni ín. Nínú gbogbo ìwé tí mo dárúkọ, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Méjì tí ó kù ni ó wá sílé. Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí a bí sí Amẹ́ríkà, kọ Lagoon ní 2014. Ó ní ìbínú sí fíìmù District 9 ti 2009, tí ó ya àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìyàkuyà, wà lára ohun tí ó sún òun kọ ọ́. Àlejò láti ojú ọ̀run sọ̀kalẹ̀ sínú omi ní Bar Beach, ẹja òkun sì ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí ó ń fẹ́, kí wọ́n tó bi ènìyàn. Aṣojú wọn gba orúkọ Yorùbá: Ayọ̀délé. Ẹ fi wé ẹ̀dá inú ìwé Shelley tí kò rí ẹni sọ ọ́ lórúkọ, ẹ óò rí i pé Èkó ṣe ohun tí Victor kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àìsàn tirẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn pọ̀ jù, a kì í bá wọn pẹ́. Ní ìparí, inú rere àwọn àlejò tún ìlú ṣe ní wéré, ààrẹ tí ó ń ṣàìsàn rí ìwòsàn, a sì ní kí a máa retí ayé tuntun. Ẹni tí ó mọ 1851 kò lè fi ọkàn tán àlejò orí omi kíákíá báyẹn.

Tade Thompson, dókítà tí a bí sí London tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà, kò fi ọkàn tán wọn. Rosewater rẹ̀ jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ní 2066, ìlú kan ní Nàìjíríà ti hù yí ibùdó àlejò kan ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ibùdó náà ń ṣí, tí gbogbo aláìsàn tí ó wà nítòsí ń rí ìwòsàn, tí òkú mìíràn sì ń dìde láìní èrò nínú. Kaaro, tí ó jẹ́ olè tẹ́lẹ̀, ń fi ẹ̀bùn rírí inú ènìyàn sin ìjọba. Òun ni ó sì wá mọ iye owó ìwòsàn náà: díẹ̀díẹ̀ ni àlejò ń fi ara tirẹ̀ rọ́pò ara ọmọ ènìyàn. Ìwé náà ń fò láti ọdún dé ọdún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè sú òǹkàwé, ojú tí Kaaro fi ń wo obìnrin kò sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé mìíràn nínú wọn tí ó mọ̀ tó báyìí pé ẹni tí ara ń ni kì í bèèrè ohun tí ó wà nínú oògùn. Èrò tí ń tú lọ síbi tí wọ́n ti ń polongo ìwòsàn kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Bàrígà.

Mo padà sí àríyànjiyàn àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ní a kò ṣe ẹ̀rọ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àyálò. Alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, ohun tí ó sì rọ ni ẹ̀rọ. Èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ yẹn, tí ó ní kòkòrò àrùn àti ìwádìí, lè gbé ìtàn sáyẹ́nsì. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé tí mo dárúkọ lẹ́yìn Fágúnwà, àti ti Tutùọlá àti ti Thompson tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tí ń yí ẹ̀rọ ní Ṣómólú, tí ó lè bá Wells jiyàn lórí Morlock ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ni ó ṣòro jù fún láti rí wọn kà ní èdè tí ó fi ń ronú.

Wọlé Ṣóyínká mú Fágúnwà lọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ọ̀nà tí a gbà lọ ni ó yẹ kí a lè gbà bọ̀. Wells kú ní 1946. Òfin Nàìjíríà sì ń dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ẹnikẹ́ni ti lè túmọ̀ Ogun Àwọn Ayé kí ó sì tẹ̀ ẹ́ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnì kankan. Ìwé kékeré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan ní Akọ́kà lè túmọ̀ rẹ̀, pléètì àti yíǹkì wà ní Ṣípèólú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí yóò kà á sì wà ní Bàrígà. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó wà láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.